Mo Ti Kó Píìnì Yín Lọ, Màámi

Màámi,

Ẹ má wulẹ̀ wá píìnì yín kiri. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìjẹta ni wọ́n yọ eyín fún yín, tí wọ́n sì rán ojú egbò. Láàárọ̀ yìí, mo wọlé, mo bá píìnì mẹ́rin láàárín ètè yín, ẹ ń rán aṣọ ìyàwó! Ẹ ní ẹnu yín ni, ẹ ní ogójì ọdún lẹ ti ń fẹnu mú píìnì. Mo gbà. Ṣé egbò wà níbẹ̀ ní gbogbo ogójì ọdún ọ̀hún ni? Píìnì tó ti ṣubú sílẹ̀, tí gbogbo wa ti fẹsẹ̀ tẹ̀! Ohun tó ń mú egbò kẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò ò mọ̀ pé ọ̀gá télọ̀ ni yín.

Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú fúláàsì. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ rọra fi ṣan ẹnu. Ẹ má fìka kan ibẹ̀. Ẹ lo oògùn yẹn tán, kódà tí ò bá dùn yín mọ́. Tó bá wú tàbí tó ń ṣọyún, ẹ pe dókítà eyín lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dè mí.

Ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì, ẹ fi sàmì sáṣọ.

Mo mọ̀ pé mo yájú, n ò sì ní bẹ̀bẹ̀. Tí mo bá dé, ẹ bú mi tẹ́rùn. Ẹnu tó jinná ni kẹ́ ẹ ṣáà fi bú mi.