Ìbéèrè Kẹta

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kẹta
Ìpàdé ọ̀sán. Ìtìjú gbáà. A ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé, Télọ̀ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ látinú ìwé bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d. Ẹnì kan ń hanrun lẹ́yìn. Ẹni tí a dì lójú gan-an ń rẹ́rìn-ín! Olórí wa tuntun, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì — Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ ni mò ń pè é — na tábìlì ní ọ̀pá títí ọ̀pá fi kán. Ó ní a ti sọ ẹgbẹ́ di ibi ìṣeré. Láti òní lọ, kò sí ìwé kíkà, kò sí ẹ̀rín. Kí ẹni tó bá wọlé máa rántí ọjọ́ náà títí ikú. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹrin
Ṣọ́ọ̀bù. Mo fi òòlù na ilẹ̀kùn mọ́tò kan tó tẹ̀ wọnú, ọ̀dà rẹ̀ ò bó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe olóòlù ẹgbẹ́, ọdún mọ́kànlá rèé. Bí ẹni tuntun bá dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Télọ̀ máa ń bi í tán, màá fi òòlù onígi tí a fi òwú wé kàn án láyà — ẹ̀ẹ̀kan péré — yóò ṣubú sẹ́yìn sínú aṣọ tí àwọn ará nà mú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó jẹ́ lánàá ti kú. Kò sẹ́ni tó farapa rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Àbúrò mi obìnrin wá. Ojú òsì wú. Ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Ilẹ̀kùn yìí mà lọ́wọ́ o — ẹlẹ́ẹ̀kẹta láti èṣí. Mo ní kó ṣe sùúrù, sùúrù ni baba ìwà. Ó wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé fún un.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Ìdánrawò. Ìbéèrè kẹta ni "Ta ni o ṣẹ̀ jù láyé?" Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, "Ara mi ni" ni gbogbo wa ń dáhùn bí ayékòótọ́. Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ ní irọ́ ni. Òótọ́ ni ẹni tó ń bọ̀ yóò sọ, kí ara tiwa náà bù máṣọ. Wẹ́dà, ará ẹgbẹ́ wa kan, fi Télọ̀ rẹ́rìn-ín nítorí ó tún gbàgbé ọ̀rọ̀. Télọ̀ fi orí kàn án nímú. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Apá aṣọ mi ya níbi tí a ti ń là wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá
Ẹlẹ́rìn-ín pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n wá sọ o?" Mo ní kó sọ òótọ́. Mo rò pé ìyá rẹ̀ tó kú láìfojú kàn án ni yóò sọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ilé kún. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu Télọ̀ bí omi. Ìbéèrè kìíní. Ìkejì. Mo gbé òòlù. Ìkẹta. Ẹlẹ́rìn-ín, aṣọ lójú, kọ orí sí ọ̀dọ̀ Télọ̀. Ó ní: "Ìyàwó mi. Mò ń lù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbí, wọ́n mọ̀."
Gbogbo ojú yí sí mi. Ojú tì mí. Mo lù ú. Mo gbọ́ nígbà tí egungun dún. Ó ṣubú sínú aṣọ, àwọn ará dì í mú dáadáa, mo sì lù ú nínú aṣọ náà — léjìká, lẹ́nu. Eyín fò. Wẹ́dà ló gbé mi ṣánlẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Egungun ìhà mẹ́ta ló kán lára Ẹlẹ́rìn-ín. Àgbọ̀n rẹ̀ náà. Kò lè sọ̀rọ̀.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún
Àwọn ará wá kí mi. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀gbọ́n gidi ń ṣe ni mo ṣe. Télọ̀ ní òun ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀. Mo jẹun yó. Kò-gba-gbẹ̀rẹ́ nìkan ni kò wá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún
Àbúrò mi dé pẹ̀lú àpótí. Mo rò pé ó wá dúpẹ́. Kò jókòó. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi wú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Ó dójú tì yín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fẹ́ pa á."
Mo fẹ́ bínú. Mi ò rí ìbínú náà. Mo bi í pé ibo ló ń lọ.
Ó ní, "Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀."