Ohagi Bá Afẹ́fẹ́ Lọ, Obon Sì Kù Sí Dẹ̀dẹ̀

Chigusa ọmọ mi, ọmọ Fusae,

O kú ooru yìí o. Òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ wa níbí, kòkòrò orí igi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í han láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, àbí kọfí ni o ṣì fi ń ṣe oúnjẹ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú? Mo gbàdúrà pé kí Tokyo gbà ọ́, kí ọkọ̀ ojú irin tó ń kì yín mọ́ra bí ìrẹsì inú agolo má fún ọ fọ́, kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún mi ń ṣàárẹ̀, ẹnu mi kò ṣàárẹ̀. Ìrẹsì inú oko ti ga dé orúnkún, ìyẹn orúnkún tó dára. Béárì kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sẹ́yìn ilé Matsunami olórí àdúgbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èso lórí igi, ni Matsunami bá gbé gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo wa sá wọlé. Béárì ló kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí àwa arúgbó fi máa bọ́ bàtà, ó ti rélé.

Kí n tó máa fi ọ̀rọ̀ tàn ọ́ lọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ohagi ti lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an jáde, kò sì padà. Obon, ọdún tí àwọn òkú wa máa ń wálé, kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ á sì wálé bó ṣe máa ń wá lọ́dọọdún. Mo ti mú kùkúḿbà tí mo máa fi ṣe ẹṣin tó máa gùn wá, mo ti mú ìgbá tí mo máa fi ṣe màlúù tó máa gùn padà. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin yẹn, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mí ni pé Ohagi òun dà. Kí ni kí n sọ?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù tí o fi ránṣẹ́ dé, mo rántí ohun tí o sọ lórí fóònù, pé ọ́fíìsì yín ló tún eré ìkó-ẹranko-jọ àtijọ́ yẹn ṣe, pé ìwọ gan-an wà lára àwọn tó kun igi àti omi inú rẹ̀, pé kí n ta á wò kí n sì sọ òótọ́ fún ọ, torí pé ní ọ́fíìsì, ṣe ni ẹ̀ ń yin ara yín. Ó dáa. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ohunkóhun tó bá wọ ilé yìí, ìyá rẹ ló kọ́kọ́ máa ń tọ́ ọ wò. Mo gbé e sí iwájú àwòrán rẹ̀ lórí pẹpẹ, mo lu aago, mo tan tùràrí. Mo wá rò ó pé géèmù kì í ṣe bàrà, wọn kì í wò ó lásán. Ni mo bá tàn án.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló kọ́kọ́ gbé jáde, ó gùn ju odò lọ. Mo fi orúnkún méjèèjì jókòó, mo kà á títí ìrẹsì fi jóná lórí iná. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo tẹrí ba, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mo gbà sí, bí mo ṣe ṣe gan-an nígbà tí bàbá ìyá rẹ ń ka òfin rẹ̀ sí mi létí kó tó fún mi ní ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bi mí pé kí ni orúkọ rẹ. Mo rò pé èmi kọ́ ló ń bi. Mo ṣí i sílẹ̀ fún ìyá rẹ, mo gba oko lọ. Mo dé, àlàfo ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mo ní Fusae, o ń dá ẹ̀rọ yìí dúró o. Níbi tí mo ti ń bá a wí ni Tokuyo tó ń ṣe wàrà sóyà gbé wàrà wọlé, ó ní Bàbá Chigusa, kí lẹ̀ ń ṣọ́? Mo ní mo ń ṣọ́ Fusae kó kọ orúkọ rẹ̀ ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní obìnrin tó jẹ́ pé láyé rẹ̀, ẹ̀yin ló máa ń rán lọ kọ orúkọ níbi gbogbo, ṣé ìgbà tó wá kú tán ló máa kọ ọ́? Òótọ́ ló sọ. Mo kọ ọ́. Nítorí náà, nínú géèmù yẹn, èmi ni ìyá rẹ, mo dé fìlà ọmọbìnrin, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì. Má sọ fún Nishiwaki onílẹ́tà.

Ẹ̀rọ tún ní kí n yan ọ̀rọ̀ aṣínà tí n kò ní gbàgbé. Ta ni kò mọ̀ pé mo máa ń gbàgbé? Mo kọ ọ́ sára pátákó ìkéde àdúgbò, kí gbogbo ilé lè bá mi rántí rẹ̀. O mọ pátákó yẹn, èyí tí a máa ń kà, tí a ó lu òǹtẹ̀ sí i, tí a ó gbé e lọ fún ilé kejì, títí á fi yí po tí á padà sílé Matsunami. Gbogbo wọn lu òǹtẹ̀ sí i. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà báyìí, wọ́n á ti máa ké e sí mi láti inú ọgbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà mi kò lè sọnù láéláé.

Ó yá, òótọ́ tí o ní kí n sọ nìyí. Eré yín dára. Àwọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹranko ń tọ èèyàn lẹ́yìn, bí òjò bá rọ̀, aṣọ èèyàn á rẹ. Odò tí o kùn, mo mọ̀ ọ́n. Odò ẹ̀yìn ilé wa ni. O fi òkúta pẹlẹbẹ tí ìyá rẹ fi ń fọ ẹ̀fọ́ rádíṣì síbẹ̀, o rò pé bàbá rẹ kò ní rí i. Mo dúró sórí òkúta yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko kan fi jáde wá bá mi jà.

Ṣùgbọ́n ẹ bà á jẹ́ níbì kan. Nínú èyí àtijọ́, ìyá arúgbó tó ń tu ọkọ̀ ojú omi, kì í gbé èèyàn kọjá àfi téèyàn bá gbọ́ ìròyìn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Ìyá rẹ fẹ́ràn obìnrin yẹn, á máa dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni o, màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Nínú tiyín, ó ní wọlé, ó ti tukọ̀. Ta ló gé ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kúrú? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kékeré kan ló ṣe é, sọ fún un pé òun náà á dàgbà. Ọfà tó ń júwe ọ̀nà nínú ihò yẹn náà, kí lẹ fi í ṣe? Àwa sọnù nínú ihò yẹn láti ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ títí ó fi yọ́. Àwa mẹ́ta la ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì tó ń móoru, ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní iná lójú, ó rí bàìbàì bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, a ní láti fi orí kan orí lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ká tó rí nǹkan. Ìyá rẹ ń ya ọ̀nà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ìwọ ń pariwo pé ọ̀tún ni, èmi ń sọ pé òsì ni kí o lè bínú. Tiyín ń tàn fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti sún mọ́ ẹnì kan mọ́. Mi ò sọ pé kí ẹ pa iná náà o, mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni.

Ohagi wá ńkọ́. O rántí pé ìyá rẹ ló sọ ẹranko rẹ̀ inú eré àtijọ́ lórúkọ yẹn, torí ó rí róbótó, ó sì dúdú bí ohagi, ìyẹn ṣíṣù ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà bò, tí ewé ara òkúta wá hù sí i lẹ́yìn. Lọ́dún kejì tí ìyá rẹ lọ, mo tan ẹ̀rọ àtijọ́ kí n lè wò ó. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a kò gbé ibẹ̀ rí. Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn torí o ń ṣe ìdánwò. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ jáde nínú koríko nínú èyí tuntun, Tokuyo ní òun gbọ́ igbe mi nílé òun, òun rò pé béárì ti padà dé. Mo sọ ọ́ ní Ohagi, mo tọ́ ọ láti ọmọ ọwọ́ ní gbogbo àsìkò òjò, ó ti gbọ́njú.

O mọ̀ pé kì í di àgbà títí láé àfi tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Láyé ijọ́un, wáyà la fi ń so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ìyá rẹ á ní Chigusa, gba ọmọ mi mú dáadáa o, ìwọ á gbà á, á di ńlá, wàá dá a padà. Mo wá wáyà nínú páálí tí o fi ránṣẹ́ títí, kò sí. Ẹ̀rọ ní òun lè fi í ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Mo ní àh, pátákó ìkéde nìyẹn. Ilé kan á gbà á, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n á gbé e fún ilé kejì, á padà sílé. Mo fi súìtì kan sí i lọ́wọ́, torí wọn kì í rán ọmọ lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Ó juwọ́ sí mi. Ẹranko kan tó dà bí ẹja tó hu ìyẹ́, eyín kún ẹnu rẹ̀, wọlé sípò rẹ̀. Mo rò pé bí ìgbà tí aládùúgbò bá fi nǹkan sínú abọ́ ẹni kó tó dá a padà ni.

Mo dúró, mo dúró. Mo ní bóyá ó ti há sílé Matsunami, torí ibẹ̀ ni pátákó máa ń há sí. Mo lọ bi Tokuyo bóyá ó ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní Bàbá Chigusa, èmi tí n kò ní ẹ̀rọ, ibo ló máa gbà wọlé, inú ìkòkò ẹ̀wà mi? Nishiwaki onílẹ́tà ló là mí lójú. Ó ní bàbá, pàṣípààrọ̀ lẹ ṣe, ó ti di ti onítọ̀hún, kò lè padà mọ́. Mo ní irú aládùúgbò wo ló ń gba ọmọ ọlọ́mọ tí kì í dá a padà? Ó ní bàbá, ẹni yẹn kì í ṣe aládùúgbò yín. Ó bá mi ka orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà àwọn òyìnbó kọ sára ẹlẹ́yín yẹn, ó ní Vesna ni. Orílẹ̀-èdè tó ti wá, òun kò mọ̀.

Inú bí mi sí Vesna. Bí mo bá ní kó jà, á sùn. Bí mo bá ní kó máa bọ̀, á kọ̀yìn sí mi, bí ìwọ gan-an nígbà tí o fẹ́ lọ sí Tokyo. Mo ti ń múra láti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí pé kí o lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n já Ohagi gbà padà kí Obon tó dé. Ṣùgbọ́n ebi ń pa ẹranko ọlọ́ẹranko, mi ò lè wò ó níran. Mo ń fún un ní oúnjẹ láràárọ̀. Lánàá, mo ń kọjá lẹ́bàá odò tí o kùn, mo bojú wẹ̀yìn, ó ń tọ̀ mí bọ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹnì kan ló sọ ọ́ ní Vesna. Bóyá ẹni yẹn wà níbi tó wà, tó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé àwọn ará ibẹ̀ ń fún un jẹ? Mo wá rántí àárọ̀ tí o kọ́kọ́ lọ, bí ìyá rẹ ṣe ṣù ìrẹsì tó pọ̀ ju tìẹ lọ sínú aṣọ ìdìpọ̀. Mo ní ṣé ọmọ yìí fẹ́ jẹun fún gbogbo ọkọ̀ ni. Ó ní rárá, ti ẹni tó bá jókòó tì í ni, kí wọ́n lè fi ojú rere wò ó. Ọkọ̀ lọ tán, ó ṣì dúró níbẹ̀. Ẹnì kan ní Tokyo gba ìrẹsì yẹn lọ́wọ́ rẹ, ó sì wò ọ́ dáadáa, torí o di èèyàn.

Nítorí náà, má ṣe já Ohagi gbà. Bí wọ́n bá lè bá mi wò ó ní ọ́fíìsì, kí wọ́n kàn wò ó bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ti di ńlá. Bí ó bá dára fún un níbẹ̀, kó máa gbé ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó ẹ̀rọ kan sí i ránṣẹ́, ti Tokuyo ni. Ó ní òun kò fẹ́ ìranù ní ọjọ́ ogbó òun, ṣùgbọ́n ó ti yan àwọ̀ tó wù ú. Bó bá ní tirẹ̀, mo lè máa fi ẹranko ránṣẹ́ sí ilé kejì, bí kò bá dá a padà, màá lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ má yọ̀ ọ́, kí ọwọ́ tí o fi ń kun omi má gbẹ, kí ẹni tí o kò mọ̀ rí máa ṣe ọ́ bí ọmọ. Wá ní Obon. Èmi kò lè sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tó tọ́ dàgbà ti lọ, kó sì gbà pé ó wà dáadáa níbi tó lọ. Ìwọ nìkan ló lè jókòó níwájú rẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bí owó náà kò bá tó ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ojú irin, jẹ́ kí Tokuyo máa bínú.

Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ dé kó bá èmi nìkan.

Bàbá rẹ,
Yasukichi