Ìlà Kejì Tó Ṣófo Lábẹ́ Orúkọ Mi

Ìdímù,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọmọ mi Adéṣọlá, Àdìó ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí Tolú àti Tòún, àwọn ọmọ-ọmọ mi tí mo fi ń yangàn níbikíbi tí mo bá jókòó sí. Báwo ni ilé, báwo ni iṣẹ́, báwo ni oorun Àbújá? Olúwa tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ yín. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.

O ó rí i pé Ìdímù ni mo kọ sókè, kì í ṣe Ìgàndò. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ara mi le. Mo kàn fẹ́ kí o jókòó kí o tó ka ìyókù. Mo mọ̀ pé fóònù lo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n fóònù a máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn, ìwọ náà a sì máa ní o wà nínú mítìǹnì. Ìwé ní sùúrù ní tirẹ̀.

Ṣé o rántí kíláàsì àwọn àgbà tí Tíṣà Morónkẹ́ ń kọ́ wa ní gbọ̀ngàn ìjọ wa? Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé wá bá wa níbẹ̀. Wọ́n ní ayé ti ń gbóná, pé èéfín wa ló ń gòkè tí kò rí ọ̀nà jáde, òun ló jẹ́ kí oòrùn máa jó wa tí òjò sì ń rọ̀ bí ẹni da omi agbada nù. Wọ́n pín ìwé fún wa. Ìwé náà ní èmi lágbájá ṣèlérí láti dín èéfín kù, láti má da nǹkan sí gọ́tà, láti gbin igi kan. Ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù ń wá ìǹkì fún àtàǹpàkò, èmi mú bírò, mo kọ orúkọ mi ní kíkún sórí ìlà àkọ́kọ́, Comfort Àbẹ̀ní Adéwọlé. Ìbá wù mí kí bàbá rẹ jí wá wò ó. Ẹ̀dà méjì ni mo kọ ọ́ sí, wọ́n mú ẹyọ kan lọ, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi.

Ìlà kejì, mo fi í sílẹ̀ fún ìjọba. Àwa tí a gbó sí Ìgàndò mọ ìwé àdéhùn. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n tà lójú mi tí olùtà àti olùrà kò jọ fọwọ́ sí i, tí ẹlẹ́rìí kò sì jókòó tì í. Ẹnì kan kì í dá bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn. Mo gbà pé ọ̀gá wọn náà yóò kọ orúkọ tirẹ̀, wọn yóò sì wá parí gọ́tà ńlá tí wọ́n gbẹ́ bọ̀ láti òkè, tí wọ́n pa tì lẹ́yìn ilé wa láti ọdún mẹ́ta, tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun.

Mo mú tèmi ṣẹ. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi yan ẹja, ẹja yẹn ló sì rán ọ lọ sí yunifásítì. Mo paná. Mo ta àwọn irin tí mo fi ń yan án. Mo gbin máńgòrò sẹ́yìnkùlé. Bàbá Sàlàkọ́, ọkọ Sìdíkátù tí èmi àti wọn jọ pín ògiri, tó ń ṣe kápẹ́ńtà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀, ó na ọrùn lójú fèrèsé, ó ní Akọ̀wé, o ti paná ẹja, jẹnẹrétọ̀ àwọn onílé gogoro ńkọ́, ṣé àwọn náà ti fọwọ́ sí i? Akọ̀wé ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀wé kà. Ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi. Sìdíkátù kò mọ̀wé. Èmi ni mo máa ń bá a ka káàdì ọsibítù àti ara páálí oògùn, ohun tí mo bá sì kà fún un, abẹ gé e.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ìjọba kọ̀wé sórí fóònù mi, sí èmi gan-an. Wọ́n ní òjò ńlá ń bọ̀, kí ẹni tó bá wà nítòsí omi kó lọ sí ilẹ̀ gíga. Inú mi dùn. Mo ní ìwé mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn, wọ́n ti mọ̀ mí. Mo dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí wọn, mo kí ìdílé wọn, mo bi wọ́n pé ilẹ̀ gíga wo ni, ta ni ká béèrè bí a bá débẹ̀, pé aláìsàn kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò lè rìn. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀.

Sìdíkátù náà ti gbọ́ nípa òjò yìí lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Ó ti pe Zikrullah, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá, kó wá gbé Bàbá Sàlàkọ́ wá sí ilé àbúrò rẹ̀ náà ní Ìdímù níbí. Kẹ̀kẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kùn. Ó wá bi mí pé Ìyá Adéṣọlá, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, kí la ó ti ṣe é. Adéṣọlá, gbọ́ ohun tí mo wí. Mo ní kó ṣe sùúrù, mo ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n á fèsì, ká má lọ gbé aláìsàn lọ síbi tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní ẹni tó bá kọ̀wé síni ń retí èsì, bí a bá sì fèsì, á kà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó dá Zikrullah padà.

A dúró lọ́jọ́ náà. A dúró títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo tún ra káàdì sórí fóònù, mo rò pé bóyá owó ló tán tí wọn kò fi lè wọlé.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Sìdíkátù lọ ra oògùn ní Ìkọ̀tún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òjò dé. Gbogbo omi tí gọ́tà yẹn ń kó bọ̀ láti òkè, ibi tí iṣẹ́ parí sí ló tú u sí, ẹ̀yìn ilé wa. Kí n tó gbé Bíbélì mi kúrò nílẹ̀, ó ti mù mí dé orókún. Mo gun orí tábìlì. Ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí mọ́. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Sàlàkọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Kò kígbe, o mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó ní Akọ̀wé, ṣé wọ́n ti fèsì? Mo ní wọn ò tíì fèsì. Ó ní kí n bá òun fi kún un pé ó ti dórí bẹ́ẹ̀dì o. Lẹ́yìn ìyẹn mo pè é, mo pè é, omi nìkan ni mo ń gbọ́.

Ìgbà tí omi fà ni wọ́n tó já ilẹ̀kùn wa. Ilẹ̀ Ìgàndò kò gba sàréè Bàbá Sàlàkọ́ lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ ni omi ń sun sínú rẹ̀. Ìdímù ni wọ́n gbé e wá. Bọ́ọ̀sì mọ́ṣáláṣí ló gbé e, kẹ̀kẹ́ Zikrullah ló ṣíwájú. Ọ̀nà kan náà ni.

Mo wọ aṣọ funfun mi, mo lọ kúnlẹ̀ fún Sìdíkátù lójú ẹbí rẹ̀, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Mo ní èmi ni mo ní kó dúró. Kò wò mí lójú. Ó ní kí n dìde, pé orókún mi kò dára.

Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn aláwọ̀ ewé padà wá, wọ́n wọ bàtà òjò. Ọ̀gá wọn dúró lójúde wa, ó ní àwa la fà á, a ń da ọ̀rá sí gọ́tà, a kọ́lé sójú ọ̀nà omi, àwọn ẹlẹ́ja sì ń fi èéfín ba ayé jẹ́. N ò ní parọ́ fún ọ, ọ̀rá wà nínú gọ́tà náà, ọwọ́ wa ló sì ti jáde. Ṣùgbọ́n mo mú ìwé mi jáde, mo ní ọ̀gá, tèmi rèé, mo mú un ṣẹ, tiyín dà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá, kì í ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìlérí tẹ́ ẹ ṣe fún ara yín ni, déètì ni wọ́n sì ń kọ sórí ìlà kejì yẹn. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, Adéṣọlá, èmi tí mo ń fi ìwé yangàn.

Sìdíkátù kò rẹ́rìn-ín. Láti ibi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ó bi wọ́n pé ṣé èéfín ẹja Akọ̀wé ló dí katakata tó ń gbẹ́ gọ́tà lọ́nà tó fi dúró lẹ́yìn ilé àwọn fọ́dún mẹ́ta. Ó ní obìnrin yìí ti kúnlẹ̀ fún òun lórí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ bàtà òjò yìí, ta ni yóò kúnlẹ̀ lórí ìyókù. Ọ̀gá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun á jábọ̀ fún àwọn tó wà lókè.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Mo ti na tèmi sílẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ìka ọba ló ṣẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò di ọ̀bẹ mú?

Ní àná, fóònù mi tún dún. Wọ́n ní òjò ń bọ̀, kí a lọ sí ilẹ̀ gíga. N ò fèsì. Mo kà á fún Sìdíkátù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a pe Zikrullah. Ẹní kan náà ni a jọ sùn lé lórí níbí. A ò tíì máa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Adéṣọlá, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fi bá wọn ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá Sàlàkọ́, kó má jẹ́ pé ẹnu lásán ni mo gbé lọ. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi ra bàtà òjò fún èmi àti Sìdíkátù. Gba orí fóònù Zikrullah fi í ránṣẹ́, má fi sí báǹkì, ẹ̀rọ ara ògiri wọn ti mumi yó.

Mo fi ìwé mi sínú àpòòwé yìí. Àbújá ni ìjọba ń gbé, ìwọ náà ń gbébẹ̀, bá mi mú un lọ sórí tábìlì wọn. Omi ti fọ díẹ̀ lára orúkọ mi ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà. Ìlà kejì ṣófo. Bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì takú pé déètì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Ọlọ́run yóò bá mi tọ́jú ìwọ àti ìdílé rẹ. Ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ò ní pe ẹni tí kò ní dá yín lóhùn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́,
Comfort Àbẹ̀ní Adéwọlé