Iná Qasim, Dígí Raudah àti Ìlà Kan Tí Mo Fò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Basin,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2025.
Ọyẹ́ mú gan-an. Eruku ti bo fèrèsé, ètè mi sì ti là.

Modúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọyẹ́ o, o kú ọdún tuntun, o sì kú ìtọ́jú ilé. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará Ọ̀mù-Àrán wà? Báwo ni orúnkún Màmá? Mo gbàdúrà pé òróró tí mo fi rán Ìtùnú ọmọ rẹ sí wọn ti ń ṣiṣẹ́. Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbà pé àwọn ti fẹ̀yìn tì, àbí wọ́n ṣì ń dìde ní aago márùn-ún bí ẹni tí ọ́fíìsì ń dúró dè? Ní tiwa níbí, alhamdulillahi. Ara mi le, àyàfi ikọ́ díẹ̀ tí eruku fà. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí o máa rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

O rántí eré káàdì tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta ní Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù Al-Ameen, ẹni tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé nítòsí Post Office. Ìwé-ẹ̀rí mi ni mo gbé lọ síbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo bá àwọn méjì tí wọ́n ń jà lórí ìwé òfin eré náà. Mo kàn ní kí n bá wọn ka ìlà kan ni. Ìlà kan yẹn ló sọ mí di adájọ́ wọn. Ẹni tí ó ti tọ́jú fáìlì ìjọba fún ọdún mẹ́rìnlélógún kò lè gbọ́ òfin tí wọ́n ń kà ní ìkàkukà kí ó kọjá lọ.

Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà le, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá sínú ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́ta. Mo ṣọ́ra púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi káàdì ṣe nínú eré náà kò yàtọ̀ sí ògèdè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, Alfa Abdulkadir, tí í ṣe bàbá Raudah tó wà lára àwọn tó ń ta eré náà, kò ní jẹ́ kí ohun tó ń jẹ́ ògèdè wọ ilé wọn. Mo bá pè é ní àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Oníkálukú ní jagunjagun tirẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù. Bí o bá ju àṣẹ sílẹ̀, o gbọ́dọ̀ dárúkọ jagunjagun tí o fojú sùn. Bí àfojúsùn yẹn bá ti kúrò kí àṣẹ tó kàn án, àṣẹ ṣòfò. Káàdì kan wá wà tí à ń pè ní Dígí, tí ó máa ń ṣe ẹ̀dà àṣẹ tí ẹlòmíràn jù. Lójú òfin, ohun tó wà lára ojúlówó ló máa wà lára ẹ̀dà, títí kan àfojúsùn. Ẹ̀dà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àpèjúwe ọ́fíìsì ni mo fi ń kọ́ wọn: bí o bá ṣe ẹ̀dà lẹ́tà tí a kọ sí Ọ̀gá Àgbà, orúkọ Ọ̀gá Àgbà náà ló máa wà lórí ẹ̀dà. Àpèjúwe yìí dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi jù.

Sátidé tó kọjá ni a ṣe àṣekágbá. Ẹni tó bá borí ni Ìlọrin máa rán lọ sí ìdíje Abújá ní ìparí oṣù yìí. Raudah àti Qasim, olùkọ́ ìṣirò kan ní àdúgbò Fate, ló kù. O mọ̀ pé Raudah ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì ríṣẹ́. Bàbá rẹ̀ bá a dá májẹ̀mú níwájú mi: bí ó bá yege, wọn á yọ̀ǹda Abújá fún un, bí ó bá fìdí rẹmi, kí ó kó gbogbo káàdì náà lé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ eré sì tán nílé àwọn.

Ó ku jagunjagun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Qasim ju àṣẹ Iná, ó fojú sun ti Raudah. Raudah rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi Dígí lé e, ó ní òun ṣe ẹ̀dà Iná náà, jagunjagun Qasim ni òun sì dojú rẹ̀ kọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo ní ẹ̀dà kì í yan ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí ojúlówó ń lọ ni yóò lọ.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ káàdì yìí.” Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Modúpẹ́, n kò wò ó. Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ bí mo bá gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sì yí ìdájọ́ padà. Mo gbé ìwé mi sókè, mo ní, “Ìwé ni mo fi ń dájọ́, Raudah. N kì í fi ojú àánú dá a.”

Al-Ameen pàtẹ́wọ́. “Ẹjọ́ Àǹtí kò ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn!”

Báyìí ni ẹ̀dà tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣe pa jagunjagun rẹ̀. Nígbà tí ojúlówó Iná fi máa dé, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́, ó ṣòfò. Qasim na ọwọ́ sí i, ó ní, “Ọmọ Alfa, o ṣé o. Mo ní kí n dáná, ìwọ lo bá mi ṣẹ́ igi wá.” Raudah fa híjáàbù rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ kú oríire, Tíṣà. Ṣùgbọ́n iná tó jó mi kì í ṣe tiyín.”

Wọ́n yìn mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní mo dá ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ mi láìṣojúsàájú. Mo gbé ìyìn náà wálé bí ẹni gbé ẹ̀bùn ìyàwó.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ń to káàdì àṣekágbá, tó máa ń wà lọ́wọ́ adájọ́ títí a ó fi kọ orúkọ ẹni tó borí, sínú àpòòwé, mo fẹ́ kọ déètì sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ni mo bá ṣàkíyèsí ìlà kan ní ìsàlẹ̀ Dígí, tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo wọ awò ojú mi. Ó ní ẹni tó bá lò ó lè yan àfojúsùn mìíràn fún ẹ̀dà náà. Mo fa ìwé òfin ti Gẹ̀ẹ́sì yọ. Ojú ewé kìíní, ìlà kẹrin: níbi tí ọ̀rọ̀ káàdì bá ti ta ko ọ̀rọ̀ ìwé, ti káàdì ni kí a tẹ̀ lé.

Kì í ṣe pé n kò rí ìlà yẹn rí. Mo rí i nígbà tí mo ń túmọ̀. Mo fò ó ni. Mo rò pé bí àwọn ọ̀dọ́ yìí bá mọ̀ pé káàdì lè borí ìwé, oníkálukú á máa fi káàdì tirẹ̀ jà, apá adájọ́ kò sì ní ká wọn mọ́. Ìṣọ́ra ni mo pè é. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tèmi kò tilẹ̀ dúró de ìrì. Inú ọyẹ́ ló wó sí.

Lánàá, Raudah gbé wàrà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi títí dé orí ikọ́ mi. Mo ní kí ó jókòó, ó ní òun fẹ́ lọ wá páálí tí òun máa kó káàdì sí fún Bàbá. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Sátidé. Ó wo ilẹ̀. “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ti sọ̀rọ̀. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa ní ẹ kò mọ̀ ọ́n kà?” Ì bá sàn kí ó bú mi. Wàrà náà ṣì wà nínú fíríìjì, n kò tíì lè fẹnu kàn án.

Fọ́ọ̀mù Abújá wà nínú báàgì mi. Sátidé yìí ni mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó borí sí i, kí n sì fọwọ́ sí i. Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo fo ìlà kẹrin. Ọwọ́ mi ni àpòòwé wà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Mo ti pinnu. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ní Sátidé, màá ka ìlà kẹrin sí wọn létí, màá fi Dígí han Qasim, màá sì sọ fún wọn pé Raudah ló borí, adájọ́ ló ṣìṣe. Láti ibẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n mi ló kàn, kí páálí yẹn tó dé ọwọ́ wọn. N kò tíì sọ fún ẹnì kankan, n kò sì tíì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi, nítorí ohun tí mo bá kọ síbẹ̀, n kì í pa á rẹ́. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí.

Bá mi kí baálé rẹ dáadáa. Bá mi fi ọwọ́ ra orúnkún Màmá, kí o sì sọ fún Ìtùnú pé òróró ṣì wà bí èyí bá tán. Mo ti kọ orúkọ Raudah sórí fọ́ọ̀mù náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsù tó ṣeé pa rẹ́ ni mo fi kọ ọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í ṣìṣe títí di Sátidé tó kọjá,

Salimat