Kẹ̀kẹ́ Tí Humairah Sọ̀rọ̀ Rẹ̀ Níwájú Àwọn Tíṣà

Mùrí, Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ láti Ìwó o. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà iléyá ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run Allah tó mójúmọ́ mọ́ fún wa kò ní ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ ọ. Oníbàárà tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ á rà kó tó jáde, àwọn tó ń bèèrè iye lásán kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àmín. Àwa náà wà. Orúnkún mi ṣì ń dún tí mo bá ń dìde lẹ́yìn ìrun, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi lọ síbi tí mo bá fẹ́ lọ. Ewúrẹ́ ti bí méjì, ojú ọ̀kan jọ tìrẹ gan-an, mo sì ti ń pè é ní Mùrí, má bínú.

Morádéyọ̀ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ Olúpọ̀nnà ni, òun àti Humairah ọmọ rẹ jọ ń ka ìwé ni. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Humairah fẹ́ bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kó lọ wá nǹkan ṣe nínú ilé ìdáná.

Àkànní, mi ò gbàgbé ohun tí o sọ lórí fóònù. O ní Humairah já kọ́ọ̀sì òwò yẹn lọ́dún tó kọjá nítorí pé ó dúró níwájú èèyàn, kò lè la ẹnu. O ní bó bá tún já a, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ ní Èkó wá bá ọ ta báàgì, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò ní nǹkan tó ń wá ní yunifásítì. O sì gé fóònù kí n tó dáhùn. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀sì yìí ná. Mo ti rí i báyìí, nítorí náà jókòó kí o gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pín àwọn ọmọ ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á ní kí wọ́n ronú òwò kan, kí wọ́n wá dúró níwájú àwọn tíṣà àti gbogbo kíláàsì kí wọ́n sọ bí òwò náà á ṣe rí, àwọn tíṣà á wá máa fún wọn ní máàkì. Òwò ti Humairah, Morádéyọ̀ àti ọmọ Kuta kan tó ń jẹ́ Abdulhafeez ni kẹ̀kẹ́ tó ń kó ẹrù àwa oníṣòwò relé. Tí ọjà bá ti tú, wàá pè é lórí fóònù, á wá bá ọ nídìí àtẹ, á kó ẹrù rẹ délé, á tún gbé e padà wá láàárọ̀. Pálọ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Abdulhafeez ló ni kọ̀ǹpútà, ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tó bá jókòó ti oúnjẹ, mo máa ń fi ara pamọ́ kí ojú má baà tì í.

Wọ́n ń wá ibi funfun tí iná kọ̀ǹpútà á tàn sí, ògiri mi sì ti dúdú. Mo bá lọ tú àpótí, mo mú aṣọ funfun tí mo rà pamọ́ de ọjọ́ tí màá lọ bá bàbá rẹ, mo ní kí wọ́n ta á sórí ògiri. Humairah ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní èmi tí mo ni ín kò bẹ̀rù, mi ò sì tíì fẹ́ lọ síbì kankan, kí aṣọ náà máa ṣiṣẹ́ ná. Wọ́n ta á. Àwòrán kẹ̀kẹ́ pupa kan yọ lórí rẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀, ó ní orúkọ, ó ní nọ́ńbà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí Morádéyọ̀ tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù mi.

Ṣùgbọ́n tó bá ti kan Humairah láti sọ tirẹ̀, á sọ díẹ̀, á dákẹ́, á máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó lọ máa sọ ọ́ fún àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó sọ ọ́ fún wọn láìdúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ewúrẹ́ kì í bèèrè nǹkan, àwọn tíṣà á sì bèèrè.

Àkànní, èmi ní tèmi, mo rò pé kẹ̀kẹ́ náà wà. Mo rí i pẹ̀lú nọ́ńbà lára, kí ló tún kù? Mo sọ fún Ràhámọ̀tù aláṣọ, mo sọ fún Ìyá Fọládé tó ń ta ata. Mo tiẹ̀ pe nọ́ńbà náà. Obìnrin kan ló gbé e, òyìnbó ló ń sọ, ohùn rẹ̀ dùn. Mo ṣàlàyé ibi tí àtẹ wa wà fún un, kò bínú, ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ṣáá. Mo ní ọmọ tó ní sùúrù ni wọ́n gbà síṣẹ́ yẹn. Nígbà tí Humairah wá sọ pé ọjọ́ Àlàmísì ni gbogbo èèyàn máa rí i ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé àwọn, mo ní kí àwọn obìnrin múra.

Lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́ta la lọ, Ràhámọ̀tù gbé ìdì aṣọ rẹ̀ dání, Ìyá Fọládé gbé agbọ̀n ata. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní kí la wá ṣe, a ní kẹ̀kẹ́ la wá wọ̀. Ó wò wá títí, ó ní ká wọlé. A gbé ẹrù sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, a lọ jókòó lẹ́yìn. Gbogbo àwọn ọmọ wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́ lọ, fóònù tíṣà ọkùnrin kan bá ń dún, kò gbé e, ó ń wò ó. Mo ké sí i láti ẹ̀yìn pé kó gbé e, ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní aago ni, wọ́n fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé àsìkò wọn ti tán. Mo ní kí ló dé tí kò fi ẹnu sọ ọ́.

Ó wá kan àwọn tiwa. Abdulhafeez sọ tirẹ̀. Morádéyọ̀ sọ tirẹ̀, ó ní kí n má sọ pé ó sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ dáadáa. Humairah bọ́ síwájú. Ó sọ díẹ̀. Olórí tíṣà, obìnrin kan tó fi dígí sójú, wá bi í ní òyìnbó pé kí ló mú kó dá a lójú pé àwọn oníṣòwò máa fẹ́ nǹkan yìí. Ọmọ dákẹ́. Ó wo ẹsẹ̀. Àkànní, mo rí ṣọ́ọ̀bù rẹ lójú mi, mo rí ọmọ náà tó jókòó sáàárín báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì.

Ibẹ̀ ni Ràhámọ̀tù ti dìde. Ó rò pé wọ́n ti ń pe àwọn oníbàárà. Ó ní ẹ dákun, kẹ̀kẹ́ wo ló máa kó tòun, ẹrù òun wà nínú oòrùn. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, àwọn kan ń gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò rẹ̀. Ràhámọ̀tù tó pọn Humairah títí tó fi mọ ìrìn. Ó dúró síbẹ̀, ó di ìró rẹ̀ mú, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Ọmọ rẹ bá gbé orí sókè. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dúró sí, ó gba àárín gbogbo wọn kọjá, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Ràhámọ̀tù pẹ̀lú kóòtù dúdú yẹn. Ó ní màámi, ẹ má bínú, kẹ̀kẹ́ náà kò tíì sí, àwòrán lẹ rí, àwa la ò ṣàlàyé fún yín. Ràhámọ̀tù ní hẹ̀n-ẹ́n, ìgbà wo ló máa wá wà? Ó dá a lóhùn. Ràhámọ̀tù ní tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó dá a lóhùn. Ràhámọ̀tù ní tí onítọ̀hún bá gbé aṣọ òun sá lọ, ta lòun máa dì mú? Ó ní òun Humairah ni kí wọ́n dì mú, ó wá sọ bí wọ́n á ṣe máa kọ orúkọ awakọ̀ àti ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni. Kó tó di pé a mọ̀, ó ti dìde, ohùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Aago tíṣà dún, kò gbọ́ ọ. Èmi kàn ń sunkún.

Nígbà tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá wa gbé ẹrù dé títì. Ká ní o rí Abdulhafeez tó gbé agbọ̀n ata rù lórí kóòtù.

Àná ni máàkì jáde. Humairah gba mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yege. Olórí tíṣà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí fetí sí ẹni tó máa sanwó kó tó dá a lóhùn. Mo ní ó dára, ta ló wá kó ìyókù? Morádéyọ̀ ní wọ́n yọ díẹ̀ nítorí pé àsìkò kọjá, wọ́n yọ díẹ̀ nítorí pé Yorùbá ló fi parí rẹ̀, wọ́n tún yọ díẹ̀ nítorí àlejò tó dá sí i. Mo ní àlejò wo? Àwa la jẹ́ àlejò, ní Ìwó? Tó bá jẹ́ pé nítorí wa ni wọ́n ṣe yọ ọ́, a jẹ́ pé tiwa ni, kí wọ́n kó o fún wa, kí wọ́n kọ orúkọ Ràhámọ̀tù sí i. Ọjọ́ Àtìní tó ń bọ̀ ni èmi àti Ràhámọ̀tù ń lọ bá àwọn tíṣà náà. Humairah ti bẹ̀ mí, ó ti sunkún, mi ò gbọ́.

Nítorí náà, owó tí mo ń bèèrè rèé. Fi owó kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀ èèyàn méjì. Fi owó ìpara orúnkún kún un. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni owó ilé-ìwé Humairah tí o ní o ń dúró wò kí o tó san. O ti dúró, o ti rí. Má fi gba báńkì, jọ̀wọ́ ọmọ mi, fóònù mi kàn máa ń ké ni, mi ò rí owó kankan nínú rẹ̀ títí dòní. Kó owó náà fún Mikail awakọ̀ tó ń ná Èkó, mo mọ ilé ìyá rẹ̀. Bí mi ò bá rí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, èmi àti Ràhámọ̀tù máa wá bá ọ nínú ṣọ́ọ̀bù, a ó sì bi ọ́ ní tiwa níwájú àwọn oníbàárà rẹ.

O ní ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o wá ọ̀rọ̀ tì lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Pè é lálẹ́ òní, má sì gé e kó tó dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sọ̀fíyàt.