Ọkọ Mi Kì Í Bá Mi Jẹun, Mo Sì Ń Rí Ìyàwó Ọba Róòmù Lójú Oorun

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa, ọkọ mi ò tíì bá mi jẹun rí. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, torí Peckham tá a wà ní London yìí kéré, gbogbo wa la mọra.

Dádì mi àti bàbá ọkọ mi ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Rye Lane. Àwọn ló fẹ́ra wọn, kì í ṣe àwa. Mo sọ fún Mummy pé mi ò fẹ́, wọ́n ní ìfẹ́ á dé tó bá yá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi, ó dìde, ó ní, "Dádì mi ló fẹ́ ẹ, lọ gbé e fún wọn." Àtìgbà yẹn, ìta ló ti ń jẹun wá tó bá ti shift dé, yàrá kejì ló ń sùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni... báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Uni ni mo wà, ancient history ni mò ń kọ́. Lecturer wa ní ká kọ essay lórí ẹni tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ló bá fún mi ní Plautilla, ìyàwó ọba Róòmù kan. Mo jókòó sí library, mo ka ìtàn ẹ. Bàbá ẹ lágbára gan-an láàfin, òun àti bàbá ọkọ ẹ, tó jẹ́ ọba nígbà yẹn, ló ṣètò ìgbéyàwó yẹn. Ọkọ ò fẹ́ ẹ. Kì í bá a jẹun, kì í bá a sùn, ó sì ń lérí pé tí agbára bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á pa á, òun á pa bàbá ẹ pẹ̀lú. Nígbà tó yá, wọ́n pa bàbá ẹ lóòótọ́, wọ́n ní ó dìtẹ̀. Wọ́n lé Plautilla lọ sí erékùṣù kan, ibẹ̀ ló wà títí ọkọ ẹ fi gorí oyè tán tó ní kí wọ́n lọ pa á. Wọ́n tún lọ ń ha ojú ẹ kúrò lára àwọn ère ẹ... Ta ló bi í léèrè rí pé kí ni ìwọ fẹ́?

Mo wá ń rí i lójú oorun. Á jókòó sí kitchen wa, kò lójú, oúnjẹ á wà níwájú ẹ, kò ní jẹ ẹ́. Tí mo bá jí, màá fọwọ́ kan ojú ara mi.

Lóṣù tó kọjá, Dádì àti bàbá ọkọ mi jà. Bàbá ọkọ mi ní Dádì ń kó ọjà gba ẹ̀yìn tà, wọ́n sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mọ́ṣáláṣí ni Dádì ń jókòó sí báyìí, wọn kì í fẹ́ padà sílé. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa sórí status WhatsApp wọn... wọ́n ti gé mi kúrò. Ọwọ́ mi tó ní làálì nìkan ló ṣẹ́kù, ní èjìká ọmọ wọn. Mo fi han ọkọ mi. Ó wò ó, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ o. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Surrey Quays ní kí n máa bọ̀, sofa òun wà ńlẹ̀. Àmọ́ tí mo bá lọ, ṣé wọn ò ní sọ pé ọmọ olè ti sá? Dádì ń pè mí, wọ́n ní èmi nìkan ni okùn tó kù láàárín ilé méjèèjì, kí n má jẹ̀ẹ́ kó já. Wọn ò mọ̀ pé okùn yẹn ò fìgbà kankan so mọ́ nǹkan kan.

Ṣé kí n sọ ọ́ fún Dádì, pẹ̀lú bí ọkàn wọn ṣe bàjẹ́ yìí? Àbí kí n kàn kó ẹrù mi? Ẹ dákun, ẹ má kọ "ṣe sùúrù" sábẹ́ ibí, mo ti ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ obìnrin, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n sọ fún yín?