Tẹ̀ Bí Mo Ṣe Tẹ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Pùpù

Ní ọdún 1948, nínú yàrá kan tó fẹ̀yìn ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ni wọ́n bí ìyá wa, aya àtàtà, agbẹ̀bí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Pùpù. Bàbá tó bí wọn, Bàbá Wẹ́dà, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí Bàbá Wẹ́dà, nítorí náà ọmọ onírin ni Màmá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìyá wọn ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, obìnrin tó lè wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó sì sọ irú ìwà tí ẹni tó ni ín ń hù. Ìtàn tí a jogún ni pé lọ́jọ́ tí Màmá dáyé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe wọn, torí òòlù ń dún lẹ́yìn ògiri. Agbẹ̀bí ló gbá ògiri tó pariwo pé, "Ẹ dáwọ́ dúró jàre, ọmọ ti dé!" Bàbá Wẹ́dà ju òòlù sílẹ̀, wọ́n sáré wọlé tàwọn ti gíláàsì dúdú tí wọ́n fi ń jó irin lójú, wọ́n ní àwọn ò rí ọmọ kankan.

Àwọn méjì péré ni òbí wọn bí, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan àti Màmá.

Ní ọdún 1957 ni ohun tó sọ Màmá di Màmá Pùpù ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń fa omi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní wọ́n ti kú, kí Bàbá Wẹ́dà bá òun kó wọn dànù. Kó kí ni dànù? Bàbá Wẹ́dà yọ ẹ́ńjìnnì inú wọn, wọ́n kó páìpù tó ṣẹ́kù lára bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n ń ṣe, wọ́n wá táyà bárò tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di alùpùpù kékeré méjì tí kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Méjì ni wọ́n ṣe, torí wọ́n mọ ohun tí ẹyọ kan lè dá sílẹ̀ nínú ilé tí ọmọ méjì wà. Wọ́n kun ti ẹ̀gbọ́n ní búlúù. Ọ̀dà tán kó tó kan ti Màmá, ojú irin lásán ló wà títí dòní.

Áà, ẹ bá wa fojú inú wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún! Kò ní bíréèkì, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni bíréèkì. Màmá gbéra lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yí ẹ̀yìnkùlé po, wọ́n gba abẹ́ okùn tí ìyá wọn sá aṣọ sí, wọ́n sì yọ lódì kejì tàwọn ti ṣòkòtò tútù oníbàárà lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sì dúró. Pù-pù-pù-pù ni ẹ́ńjìnnì ń ké, pù-pù-pù ni Màmá náà ń bá a ké, ibẹ̀ sì ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ wọn. Títí wọ́n fi dàgbà ni wọ́n ń sọ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn tó mọ ìdí tí Ọlọ́run fi fún ènìyàn ní ọwọ́ méjì.

Ọdún 1959 ni ayọ̀ náà dúró. Ẹ̀gbọ́n wọn gun tirẹ̀ wọ ògiri, apá rẹ̀ sì dá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ìyá Alágbàfọ̀ ti ta alùpùpù búlúù náà. Ti Màmá kò rí ẹni rà á torí pé kò lọ́dà, wọ́n sì tì í mọ́ abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tó o bá ní ilé tìẹ, wá gbé e." Màmá, tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, nu omi ojú nù, wọ́n bi ìyá wọn pé, "Ṣé ilé kékeré náà tó, mà?"

Màmá kàwé yege nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ní ọdún 1966, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n sì gboyè jáde ní ọdún 1969. Ní gbogbo ìgbà yẹn wọn ò rí ohunkóhun gùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì bá wọn wí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí wọ́n yéé fi ẹnu ké pù-pù-pù bí wọ́n bá ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn lọ.

Ní ọdún 1970, wọ́n rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ilé àwọn aboyún rẹ̀ jìnnà síra. Owó tí Màmá kọ́kọ́ rí kó jọ, alùpùpù ni wọ́n fi rà, àlòkù tí ìjókòó rẹ̀ ti ya. Àwọn ará àdúgbò lanu wọn ò lè pa á dé. Àwọn kan ní obìnrin kì í gun máṣíìnì. Họ́ọ̀nù ni Màmá fi ń dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣe òfin kan fún ara wọn, pé àwọn ò ní jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lórí alùpùpù láyé. Bí tiwọn bá bàjẹ́, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọdún 1972 ni wọ́n lọ bá télọ̀ kan pé kó rán ṣòkòtò tí àwọn lè fi gun máṣíìnì. Télọ̀ náà kò rán irú rẹ̀ fún obìnrin rí. Ó ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń gun alùpùpù kí òun lè wọn ẹsẹ̀ wọn. Màmá jókòó, wọ́n di ọwọ́ máṣíìnì tí kò sí níbẹ̀ mú, wọ́n sì ké pù-pù-pù. Teépù bọ́ lọ́wọ́ télọ̀. Bàbá wa nìyẹn, Bàbá Télọ̀, tí wọ́n jókòó níwájú yín níbí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ojo ni Bàbá Télọ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ máṣíìnì. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló gbé wọn gun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú Màmá lọ han ìyá wọn. Kí Màmá tó gbéra, wọ́n ṣàlàyé fún Bàbá pé bí a bá dé kọ́nà, máṣíìnì á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. "Ẹ ṣáà tẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀." Bàbá mi orí. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Màmá tẹ̀ sí apá òsì. Bàbá rò pé àwọn ti ń ṣubú lọ, wọ́n fẹ́ gba ìyàwó àfẹ́sọ́nà wọn là, wọ́n sì tẹ̀ sí apá ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún wọn. Inú gọ́tà ni wọ́n bá ara wọn.

Ìyá ọkọ wo ọmọ wọn tí ẹrẹ̀ kùn dé irun, wọ́n wo ìyàwó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò gùn: kí ọmọbìnrin yìí yan ọ̀kan, máṣíìnì tàbí ọmọ àwọn.  Màmá fẹ́ràn télọ̀ yìí, wọn ò sì lè purọ́ pé àwọn á fi alùpùpù sílẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ nínú aṣọ ẹrẹ̀ náà, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, mà. Máṣíìnì kọ́ ló ṣubú, àwa la ò mọ ara wa í gbé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó. Bí a bá tún ṣubú, èmi fúnra mi á gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún yín." Ìyá ọkọ gbà. Ọjọ́ orí kò jẹ́ kí Bàbá Télọ̀ rántí iye ìgbà tí wọ́n fi kọ́ ọ ní pápá ilé ìwé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ, aṣọ wọn gbẹ, ó sì lọ̀ geere. Ìyá ọkọ yẹ̀ wọ́n wò níwájú, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn, wọ́n wá rọra béèrè bóyá àyè wà fún àwọn náà láti gùn ún dé ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1973. Nínú ẹrù ìyàwó, ọ̀kan wà tí Ìyá Alágbàfọ̀ fi aṣọ funfun tó mọ́ nigínnigín wé. Nígbà tí wọ́n tú u, alùpùpù kékeré aláìlọ́dà ni! Ìyá wọn ní, "Ilé ti wà báyìí. Gbé e." Màmá sunkún, ẹ̀gbọ́n wọn tí apá rẹ̀ ti san tipẹ́tipẹ́ náà sunkún. Òun ni gbogbo àwa ọmọ wọn fi kọ́ gígùn ní ẹ̀yìnkùlé, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà dúró ká tó mọ A B D.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni Màmá ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2008. Òjò kì í dá wọn dúró. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìró alùpùpù wọn ni ìyá yín kọ́kọ́ gbọ́ kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Nínú ìjọ, olùkíni ẹnu ọ̀nà ni wọ́n, alùfáà sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọ kò nílò agogo mọ́, bí Màmá Pùpù bá ti dé, ìsìn ti yá. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ní gígùn ní pápá ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nìyẹn tí wọ́n to máṣíìnì síta lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ẹ ò rí i bó ṣe dán!

Ní ọdún 2019, orúnkún Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, àwa ọmọ sì ṣe ìpàdé láìpè wọ́n. Àbígbẹ̀yìn wọn, dókítà eyín, ló lọ yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó bí ẹni yọ eyín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ pù-pù-pù níta. A ti gbàgbé pé ọmọ wẹ́dà ni wọ́n, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan máṣíìnì láìlo kọ́kọ́rọ́. Màmá ní kí a má bínú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ àwọn, àyàfi tí ọwọ́ àwọn bá sọ fún àwọn pé ó tó.

Ọwọ́ náà sọ̀rọ̀ ní ọdún 2022. Ní kọ́nà ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn kan náà, ọwọ́ Màmá gbọ̀n, máṣíìnì sì fì. Wọn ò ṣubú, ṣùgbọ́n Bàbá Télọ̀ ló wà lẹ́yìn wọn. Màmá wa máṣíìnì dé ilé jẹ́jẹ́, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ-ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé. Ó dùn wọ́n wọra. Ó dun àwa náà, torí pé wọ́n fi òfin ara wọn ti ara wọn mọ́lé. Wọn ò lè gùn ún mọ́, wọn ò sì gbà láti jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ kò sì lè rìn jìnnà. Ilé wá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá Télọ̀ ló là wá. Wọ́n lọ dúró ti Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ní, "Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn rẹ. Ta ló mọ iṣẹ́ yẹn jù mí lọ? Dìde, kí n kọ́ ẹ." Máṣíìnì tí wọn ò tan ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí, ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ sí. Bàbá ní, "Má wo ọ̀nà o. O ò ní rí i. Èjìká ẹni tó wà níwájú ni kó o máa wò."

Ni Màmá bá gun ẹ̀yìn ọmọ-ọmọ wọn, gbogbo wa sì tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dé kọ́nà. Ẹ wá wò ó! Ọmọbìnrin náà kò tíì tẹ̀ tí Màmá ti tẹ̀, wọ́n fẹ́ máa fi ìdí wa máṣíìnì láti ẹ̀yìn! Díẹ̀ ló kù kí gọ́tà àtijọ́ tún gbàlejò. Ọmọ náà kígbe pé, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ tẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀!" Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò tán títí wọ́n fi délé, omi ń dà lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde. Òṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n dé láti ibi tí wọ́n ti lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni Bàbá Télọ̀, ọkọ wọn, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, àkọ́bí wọn obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, èkejì tó jẹ́ kápẹ́ńtà, àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ dókítà eyín, àwọn ọmọ-ọmọ tí gbogbo wọn mọ máṣíìnì gùn, ọmọ tí ọmọ-ọmọ bí kan tí kò tíì lè rìn, àmọ́ tó ti ń ké pù-pù-pù, àti gbogbo ọmọ tí wọ́n fi ọwọ́ wọn gbà sáyé.

Lónìí, ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ni yóò gun máṣíìnì ṣíwájú wa lọ sí ibojì, Bàbá Télọ̀ ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá dé kọ́nà ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹ rọra o.

Màmá Pùpù, ẹ ti tún wà níwájú. A ò rí ọ̀nà tí ẹ gbà lọ, èjìká yín là ń wò. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ sí la ó tẹ̀ sí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ̀nà yín, kí ó má sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sùn re o, ìyá wa.